Wọ́n ní kí a pààrọ̀ fáàfù ọkàn àbúrò mi: báwo lẹ ṣe gba èrò dókítà kejì ní òkè òkun?

Àkọ́bí

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ kú ìjókòó o. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láìdá sí i, àmọ́ lónìí ó ti kàn mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á, ó gùn díẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin ni, ọmọ ọdún 31. Ó tó oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ lóru. Bó bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀ báyìí, ikọ́ dé. Bó bá dìde jókòó, ikọ́ lọ. A rò pé òtútù ni. A lo oògùn ikọ́ títí, kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i. Ìrọ̀rí kan tó ń lò di méjì, ó di mẹ́ta, ó wá kù díẹ̀ kó jẹ́ pé ìjókòó ni yóò máa fi sùn. Mo tún ṣàkíyèsí pé tí a bá jọ ń gun àtẹ̀gùn, á dúró lágbedeméjì, á yọ fóònù, á máa ṣe bí ẹni tó ń ka ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. Ẹnikẹ́ni ò fi nǹkan kan ránṣẹ́. Èémí ló ń wá.

Dókítà tó kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ lé e láyà ò lò tó ìṣẹ́jú kan tó fi ní òun ń gbọ́ ariwo kan tí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Wọ́n ní ká lọ ya echo, ìyẹn àwòrán ọkàn tó jọ èyí tí wọ́n fi ń wo ọmọ nínú aboyún. Ohun tí wọ́n kọ sínú èsì ni pé fáàfù mitral ń jò gan-an, EF jẹ́ 58%, LVESD jẹ́ 42 mm, yàrá òkè lápá òsì ọkàn sì ti fẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú ìwé kan péré.

Dókítà ọkàn rẹ̀ ṣàlàyé fún wa pé fáàfù yìí dà bí ilẹ̀kùn alápá méjì láàrin yàrá òkè àti yàrá ìsàlẹ̀ lápá òsì. Nígbà tí ọkàn bá ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde lọ sí ara, ó yẹ kí ilẹ̀kùn náà pa dé pinpin. Tirẹ̀ ò pa dé mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣẹ́rí padà sọ́nà ẹ̀dọ̀fóró, òun ló ń fa ikọ́ yẹn. Ó ní iṣẹ́ abẹ ló kù, pé òun yóò yọ fáàfù náà, òun yóò fi onírin rọ́pò rẹ̀, nítorí pé ọjọ́ orí rẹ̀ ò tíì pọ̀, onírin ló sì máa bá a kalẹ́.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni àbúrò mi bi í. Ó ní, "Dókítà, ọmọ ńkọ́?" Kò tíì bímọ. Dókítà dákẹ́ díẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ní fáàfù onírin gbọ́dọ̀ máa lo warfarin títí ayé kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì mọ́ ọn lára, oògùn yẹn àti oyún ò sì rẹ́. Ó ní ká kọ́kọ́ gba ẹ̀mí là ná. Láti ọjọ́ yẹn, àbúrò mi ò dárúkọ ọmọ mọ́. Ẹ̀rín ló ń rín sí gbogbo nǹkan. Ẹ̀rín yẹn ń bà mí lẹ́rù ju ikọ́ lọ.

Mi ò sọ pé dókítà wa ò mọṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n mo kà á pé wọ́n lè tún irú fáàfù yìí ṣe láìyọ ọ́. Mo bi í. Ó ní, "Ó máa ń ṣeé ṣe fún àwọn mìíràn," ó sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ibẹ̀ gan-an ni mi ò ti lè sùn mọ́.

Mo fẹ́ kí ẹni tó jẹ́ pé iṣẹ́ fáàfù nìkan ló ń ṣe ní òkè òkun wò ó kí a tó fọwọ́ síwèé. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é, kí lẹ fi ránṣẹ́? Ṣé aláìsàn fúnra rẹ̀ ló ní láti lọ, àbí wọ́n lè wò ó láti ọ̀hún? Ǹjẹ́ dókítà wa ò ní bínú, kó wá di pé ẹni tí a mú bínú ni yóò tún máa tọ́jú rẹ̀ bí nǹkan bá yíwọ́? Mo ti kọ̀wé sí alárinà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ní òun ń mú aláìsàn lọ sókè òkun. Kò tó wákàtí méjì tó fi dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún wa. Kò béèrè àwòrán kankan. Ara mi bù máṣọ.

Aago-Àyà

Ẹ kú ìrònú o, Àkọ́bí. Ẹ má fi orúkọ tí mò ń jẹ́ níbí rẹ́rìn-ín. Fáàfù onírin ni mo ní, ọdún kọkànlá rèé. Tí ilé bá pa lọ́lọ́ lóru, èmi àti ìyàwó mi jọ ń gbọ́ ọ ni: kẹ́, kẹ́, kẹ́, bí aago ọwọ́. Lọ́dún àkọ́kọ́, ìyàwó mi ò rí oorun sùn nítorí rẹ̀. Nísinsìnyí, tó bá yí orí padà tí kò gbọ́ ọ, á gbọ̀n mí jí.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ pé onírin kì í ṣe ìdájọ́ ikú. Láti ọdún 1960, tí oníṣẹ́ abẹ Albert Starr àti ẹnjiníà Lowell Edwards ti jọ ṣe irú rẹ̀ tó gbajúmọ̀ ní Amẹ́ríkà, ni àwọn ènìyàn ti ń fi í gbé ayé. Èmi ń lo warfarin mi lálaalẹ́, mò ń lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò déédéé kí nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní INR, tó ń fi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì hàn, lè wà láàrin 2.5 sí 3.5, n kì í sì í gbé oògùn ìrora kankan sẹ́nu láìkọ́kọ́ béèrè. Mo ti mọ́ ọn lára. Ṣùgbọ́n ọkùnrin ni mí, mo sì ti ju ẹni 50 ọdún lọ nígbà tí wọ́n fi í sí mi lára. Oyún ò sí nínú ọ̀rọ̀ tèmi. Nítorí náà, ìbéèrè àbúrò yín kì í ṣe ìbéèrè ọmọdé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "ká gba ẹ̀mí là ná" pa á lẹ́nu mọ́.

Èyí tó kàn ni àṣìṣe tèmi. Èmi náà wá èrò kejì ní òkè òkun. Mi ò fi àwòrán ránṣẹ́, èmi fúnra mi ni mo gbéra lọ. Ìwé ìrìnnà nìkan gba oṣù mẹ́rin. Nígbà tí mo débẹ̀, ọ̀gá yẹn ki CD mi bọ inú ẹ̀rọ, ó wò ó fún bí ogún ìṣẹ́jú, ó ní gbogbo ohun tí dókítà yín sọ nílé náà ni mo rí. Owó ọkọ̀ òfuurufú ni mo fi ra gbólóhùn kan! Ó tún wá bi mí pé, kí ni mo ń dúró dè láti oṣù mẹ́rin? Ọkàn mi ti fẹ̀ sí i láàrin ìgbà náà. Ó ní apá kan lára fífẹ̀ yẹn lè má padà sípò mọ́, lóòótọ́ kò sì padà.

Ẹ kọ́kọ́ fi àwòrán ránṣẹ́. Kí ẹ sì bi dókítà yín pé ọjọ́ mélòó ni a lè fi wádìí kó má di ewu. Ẹ jẹ́ kó dárúkọ iye ọjọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní ti bíbínú, èmi ṣe tèmi ní kọ̀rọ̀. Ìgbà tí àwọn ará ọ̀hún wá béèrè lẹ́tà àti ìtàn àìsàn lọ́wọ́ dókítà mi, ni mo wá ń wojú rẹ̀ bí ọmọ tó jí ẹran nínú ìkòkò. Ẹ sọ fún un lójú ara rẹ̀.

Ìrètí-Ń-Bẹ

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, wọ́n ní kó ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Kò ṣe é. Oògùn ló ń lò, ó sì ń rìn kiri kára kára. Àwọn dókítà máa ń yára fa ọ̀bẹ yọ jù. Ẹ ní sùúrù.

Ayàwòrán-Ọkàn

Ìrètí, inú mi dùn pé ara ẹ̀gbọ́n yín le. Ṣùgbọ́n ṣé fáàfù ló ń jò lára tiwọn ni, àbí òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn ló dí? Mo fura pé èkejì ni. Àwọn tí òpó wọn dí, tí àyà ń dùn wọ́n níwọ̀nba tí kò sì ń le sí i, ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní ISCHEMIA tẹ̀ lé ènìyàn tó lé ní 5,000 nínú wọn, èsì rẹ̀ jáde ní 2020. Àwọn tí wọ́n tètè ṣiṣẹ́ lára òpó wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yè ju àwọn tó kọ́kọ́ dúró ti oògùn lọ. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n yín lè ti ṣe ohun tó tọ́. Ṣùgbọ́n fáàfù tí apá rẹ̀ ò pàdé, tó ń jò tó báyìí, tó sì ti ń fa àìlèmí, oògùn lè fa omi ẹ̀dọ̀fóró gbẹ kí ara tù ú. Kò lè ti ilẹ̀kùn. Ẹ má fi ọ̀kan wọn èkejì.

Àkọ́bí, iṣẹ́ echo yíyà ni mò ń jẹ. Èmi kì í ṣe dókítà, mi ò sì rí àwòrán àbúrò yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n túmọ̀ nọ́ńbà méjì tí ẹ kọ.

EF ni ìdá ẹ̀jẹ̀ tí yàrá ìsàlẹ̀ apá òsì ń tì jáde nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá fún ara rẹ̀ pọ̀. Lára ẹni tí fáàfù rẹ̀ dá ṣáṣá, 58 dára. Lára ẹni tí fáàfù mitral rẹ̀ ń jò gan-an, nọ́ńbà yẹn ń tàn wá jẹ ni. Ọ̀nà méjì ni ẹ̀jẹ̀ ní láti gbà: ọ̀nà iwájú tó ṣòro, àti ọ̀nà ẹ̀yìn tó rọrùn. Ọkàn tó ń ti ẹrù rẹ̀ gba ọ̀nà ìrọ̀rùn yẹ kó ní nọ́ńbà tó ga gan-an. Tó bá ti wà ní 60 tàbí kó rẹlẹ̀ sí i, iṣan ọkàn ti ń rẹ̀. LVESD ní tirẹ̀ ni fífẹ̀ yàrá náà nígbà tó bá fún pọ̀ tán. 40 mm sókè, ìtumọ̀ kan náà ni. Àbúrò yín ti kọjá ààlà méjèèjì, àìlèmí rẹ̀ nìkan sì ti tó gẹ́gẹ́ bí ìdí iṣẹ́ abẹ. Dókítà yín ò ṣì í sọ lórí pé kí wọ́n ṣiṣẹ́. Ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí ìyẹn.

Ibi tí ojú kejì ti wúlò ni ohun tí ìwé olójú kan yẹn ò sọ. Kí ló jẹ́ kó máa jò? Bó bá jẹ́ àrùn ọ̀nà ọ̀fun ìgbà èwe ló yí padà tó ba fáàfù jẹ́, apá ilẹ̀kùn náà máa ń nípọn, á le, á sún kì. Títún irú rẹ̀ ṣe nira, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń ṣe é. Bó bá sì jẹ́ pé apá kan rọ jù, tó ń yọ gọnbu sẹ́yìn, tàbí okùn tó dì í mú ló já, ìyẹn gan-an làwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń tún ṣe. Àti pé apá wo? Apá ẹ̀yìn rọrùn ju apá iwájú lọ. Kò sí ẹni tó lè sọ fún yín bóyá ó ṣeé tún ṣe láìmọ èyí, ìbáà jẹ́ ọ̀gá àwọn ọ̀gá.

Ọ̀gá tó bá mọṣẹ́ á béèrè TEE. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ni aláìsàn máa gbé mì, tí ojú echo wà lórí rẹ̀. Ọ̀fun oúnjẹ gba ẹ̀yìn ọkàn kọjá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan yàrá òkè apá òsì, nítorí náà fáàfù mitral máa ń hàn kedere láti ibẹ̀. Kò dùn mọ́ ẹnikẹ́ni nínú, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń fún ènìyàn ní oògùn ìtura. Tí ilé ìwòsàn yín bá ní in, ẹ ṣe é kí ẹ tó fi ohunkóhun ránṣẹ́, kẹ́ ẹ má baà lọ ní ẹ̀ẹ̀mejì.

Ní ti fífi ránṣẹ́: fídíò ni kí ẹ gbà, gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú àwọn tó ní àwọ̀ pupa àti búlúù tó ń fi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń jò hàn. Orúkọ irú fáìlì náà ni DICOM. Fọ́tò fáàfù kan ṣoṣo dà bí fọ́tò oníjó kan ṣoṣo; ta ló lè fi mọ bó ṣe ń jó? Ẹ má fi fóònù ya ojú ẹ̀rọ. Ẹ má fi í gba WhatsApp, ó máa ń fún fídíò pọ̀ títí yóò fi ṣú. Ẹ ṣí CD náà lórí kọ̀ǹpútà kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, kí ẹ wo orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wà lórí rẹ̀. Mo ti rí CD tó jẹ́ pé ọkàn ẹlòmíràn ló wà nínú rẹ̀, ẹni náà sì jẹ́ ọkùnrin, aláìsàn wa obìnrin.

Àkọ́bí

Ọlọ́run á bù kún yín. Ayàwòrán, mo ka ọ̀rọ̀ yín sókè fún àbúrò mi. Nígbà tí mo dé ibi oníjó, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tòótọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí.

Mo ti lọ síbi tí wọ́n ń tọ́jú ìwé. Wọ́n ní ìwé olójú kan yẹn ni gbogbo èsì. Mo ní fídíò ni mo fẹ́. Wọ́n ní ta ni mí. Mo ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n kọ́ ló ń ṣàìsàn. Òótọ́ ni wọ́n sọ ṣá! Àbúrò mi kọ lẹ́tà, ó fọwọ́ sí i, ọjọ́ kejì ni CD jáde. Mo wo orúkọ. Tirẹ̀ ni.

Mo ṣì ń wá bí mo ṣe máa sọ fún dókítà.

Ìyá-Ọmọ-Méjì

Àkọ́bí, ẹ sọ ọ́ báyìí: "Dókítà, ọ̀rọ̀ ọmọ ló wà lọ́kàn wa, a fẹ́ kí ẹni tó ń tún fáàfù ṣe wò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ lẹ́tà." Bó ṣe rí nìyẹn. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì í.

Wọ́n tún tèmi ṣe ní òkè òkun nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún 34. Orúkọ mi níbí ti sọ ìyókù. Òrùka tí wọ́n rán mọ́ etí fáàfù ṣì wà níbẹ̀. Alain Carpentier, ará Faransé, ló bẹ̀rẹ̀ irú òrùka yìí ní nǹkan bí ọdún 1968, oníṣẹ́ abẹ tó ṣe tèmi kò lè sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún láìdárúkọ ọkùnrin náà. Oṣù mẹ́ta péré ni mo fi lo warfarin, wọ́n dá a dúró. Fáàfù ara mi náà ni mo fi gbé oyún méjì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí lẹ́tà mi ṣe rí, nítorí òun ló ṣiṣẹ́ jù. Ojú ìwé kan. Ọjọ́ orí, gíga, ìwọ̀n. Ìgbà tí àìlèmí bẹ̀rẹ̀, ohun tí mo lè ṣe tẹ́lẹ̀ tí mi ò lè ṣe mọ́. Oògùn kọ̀ọ̀kan àti iye mílígíráàmù rẹ̀. Èsì iṣẹ́ kíndìnrín. Ohun tí dókítà mi dámọ̀ràn. Lẹ́yìn náà ni mo wá kọ ìbéèrè mẹ́ta: Ṣé ẹ lè tún un ṣe? Bí ẹ bá wọ inú, tí ẹ rí i pé kò ṣeé ṣe, kí lẹ máa fi sí i? Ọjọ́ mélòó ni mo ní? Ní àkọ́kọ́, mo ti kọ ojú ìwé mẹ́fà pẹ̀lú omijé. Ọkọ mi ló ya á. Ó ní ọ̀gá yẹn ò ní ka ìkejì.

Ìdáhùn tó wá kò ní "bẹ́ẹ̀ ni" pátápátá. Wọ́n ní ohun tí àwọn rí nínú fídíò ni àwọn ń sọ, àwọn ò tíì fọwọ́ kan aláìsàn. Mo fẹ́ràn ìyẹn. Ẹni tí kò tíì rí àwòrán tó ti dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ẹ sá fún un. Owó tí ilé ìwòsàn máa fún un lórí aláìsàn ló ń lé.

Mo bi oníṣẹ́ abẹ náà pé irú tèmi mélòó ló tún ṣe lọ́dún tó kọjá, àti pé mélòó ló bẹ̀rẹ̀ bí àtúnṣe tó parí sí pípààrọ̀. Ó ní nọ́ńbà méjèèjì lórí. Òmíràn tí mo kọ́kọ́ bi bínú, ó ní ṣé mo fẹ́ kọ́ òun níṣẹ́ ni. Mi ò padà síbẹ̀.

Bó bá wá di pé ẹ máa lọ: ẹ bi dókítà bóyá ó lè wọkọ̀ òfuurufú. Afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ yẹn lè dà bí ti orí òkè tó ga ní 2,400 mítà, ẹni tí èémí rẹ̀ ò tó nílẹ̀ á mọ̀ ọ́n lára. Gbogbo oògùn, inú àpò ọwọ́, kì í ṣe inú ẹrù tí wọ́n ń kó sísàlẹ̀ ọkọ̀. Ẹ lọ yẹ eyín wò nílé kí ẹ tó lọ. Kòkòrò láti inú eyín tó jẹrà lè gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ bà sórí fáàfù, iṣẹ́ abẹ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀ nítorí èyí tí mo ti ń fojú fò láti ọdún méjì. Nígbà àbọ̀, egungun àyà tí wọ́n là máa ń tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 kó tó jinná, nítorí náà kì í ṣe òun ló máa gbé báàgì. Ẹ mú CD echo tí wọ́n yà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ bọ̀, pẹ̀lú lẹ́tà ní èdè tí dókítà yín nílé lè kà. Tèmi kọ́kọ́ jáde ní èdè wọn. Dókítà mi wò ó, ó wò mí, ó ní, "Mà, ẹ bá mi kà á."

Dókítà ilé yẹn ló ń tọ́jú mi títí dòní o. Ti òkè òkun, ẹ̀ẹ̀kan ni mo rí i.

Aago-Àyà

Ìyá-Ọmọ-Méjì, ẹ ti sọ ohun tí mo ń wá ọ̀rọ̀ rẹ̀ tì láti àná. Àkọ́bí, ẹ má gbàgbé iye ọjọ́ yẹn o.

Àkọ́bí

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni dókítà fún wa, ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀ sẹ́yìn káàdì. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé.

Kò bínú. Mo ti múra ìjà sílẹ̀ lásán. Nígbà tí mo sọ ọ́ bí Ìyá-Ọmọ-Méjì ṣe ní kí n sọ ọ́, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní pípààrọ̀ ni ọwọ́ òun mọ̀. Ó ní àtúnṣe tí òun ti ṣe ò pọ̀ tó kí òun fi àbúrò mi kọ́ṣẹ́, òun ò sì mọ bí òun ṣe máa sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Inú mi bà jẹ́ pé mo ti rò ó níburú. Òun ló ní kí wọ́n ṣe TEE láàrin ọ̀sẹ̀ náà, òun ló sì kọ lẹ́tà.

Àbúrò mi ní rọ́bà yẹn ò ṣeé fẹ́ fún ọ̀tá. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ hàn: okùn kan ló já lápá ẹ̀yìn, ní àárín. A fi DICOM méjèèjì ránṣẹ́, pẹ̀lú lẹ́tà olójú kan. Ọjọ́ mẹ́fà ni ìdáhùn fi dé. Wọ́n ní bí àwọn ṣe rí i, ó ṣeé tún ṣe, ó sì dá àwọn lójú tó láti gbìyànjú rẹ̀. Wọ́n ní dókítà wa tọ̀nà pé kò gbọdọ̀ pẹ́. Wọ́n wá fi ìbéèrè tiwọn sí ìsàlẹ̀, wọ́n ní aláìsàn fúnra rẹ̀ ni kó dáhùn: bí àwọn bá ṣí i tí àtúnṣe ò gbà, onírin ni kí àwọn fi sí i ni, àbí ti ẹran, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ẹ̀yà ara ẹranko ṣe, tí kò nílò warfarin títí ayé, ṣùgbọ́n tó máa gbó, tó sì máa ń yára gbó lára ẹni tí kò tíì dàgbà, tí wọ́n á tún ní láti là á lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ iwájú?

Ilé dàrú. Bàbá wa ní onírin, pé òun ò lè wo iṣẹ́ abẹ ẹ̀ẹ̀mejì. Ìyá wa ò fèsì. Èmi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé INR fún wọn bí ẹni pé èmi ni dókítà. Àbúrò mi jókòó sórí ìrọ̀rí mẹ́ta rẹ̀, ó ń wò wá láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ èkejì. Nígbà tó yá ló ní kí n gbé kọ̀ǹpútà wá.

Ó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbìyànjú àtúnṣe. Ó ní bí kò bá gbà, kí wọ́n fi ti ẹran sí i, òun mọ̀ pé wọ́n á tún òun là, òun yóò ti bímọ kí ìgbà náà tó dé. Lẹ́yìn náà ló bi wọ́n pé oṣù mélòó lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni òun lè lóyún. Kò fi han ẹnikẹ́ni nínú wa kó tó fi í ránṣẹ́.

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú la ń lọ. Eyín ló kù, àárọ̀ ọ̀la ni.